Bí ẹ ṣe lè kó kọ́ọ̀sì tí ẹ ti ṣe nílé wọnú oyè yunifásítì ní Texas

Ẹni tó ti lo ọdún méjì ní yunifásítì nílé, tó wá rí ìwọlé sí yunifásítì ìjọba ní Texas, lè gba lẹ́tà kan tó dùn ún kà: wọ́n ní àwọn ti gba kírẹ́díìtì 52 lọ́wọ́ rẹ̀. Oyè bachelor níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kírẹ́díìtì 120. Ó ṣírò ó lọ́kàn, ó ní ó ku 68. Ó dé iwájú adviser, ìyẹn olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì rí i pé nínú 52 yẹn, 14 péré ló bọ́ sí ojú ibi tí oyè rẹ̀ ti ń béèrè nǹkan. Ìyókù wà nínú àpò elective, ìyẹn kọ́ọ̀sì àṣàyàn, àpò ọ̀hún ò sì gbà ju mẹ́fà lọ. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un. Wọ́n gba kírẹ́díìtì rẹ̀ lóòótọ́. Kíkà á mọ́ oyè ni ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni kọ́ọ̀sì kan ń gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, tó ń wò bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti ń bọ̀ ní ìfọwọ́sí, àti bóyá máàkì yín tó. Ìkejì ni àwọn tó ń yẹ transcript wò lábẹ́ rẹ́jísírà, tí wọ́n ń wá kọ́ọ̀sì tiwọn tó dọ́gba pẹ̀lú tiyín. Ìkẹta ni ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gboyè nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní major. Àwọn ló ń sọ bóyá kọ́ọ̀sì yín dí àlàfo kan nínú oyè náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fi gbogbo agbára jà lẹ́nu ọ̀nà kìíní, wọ́n á sì sùn lọ lẹ́nu ìkẹta. Ẹnu ìkẹta yìí la ó dúró sí jù.

Àpẹẹrẹ tí a ó máa mú ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe Computer Science dé òpin 200 level ní Nàìjíríà. Texas la yàn nítorí pé òfin kírẹ́díìtì ibẹ̀ hàn ketekete, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ ní Houston àti agbègbè Dallas. Ká sì tètè mú ìdàrúdàpọ̀ kan kúrò: tí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì bá ń sọ̀rọ̀ transfer, fáìlì F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́ yín, nínú SEVIS, àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, ni wọ́n ń sọ. Kò kan kírẹ́díìtì rárá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tí oyè ń béèrè kí ẹ tó ka transcript yín

Ẹ lọ sórí ìkànnì yunifásítì náà, ẹ wá degree plan, ìwé tó to gbogbo ohun tí oyè ń béèrè, fún major yín, ti ọdún tí ẹ máa wọlé gan-an. Ẹ má lo ti ọdún tó kọjá, torí ètò ọdún tí ẹ wọlé ni yóò dè yín títí ẹ ó fi jáde, àyàfi tí ẹ bá fúnra yín béèrè fún èyí tó tuntun.

Apá mẹ́rin lẹ máa rí níbẹ̀. Core, kọ́ọ̀sì gbogbogbòò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe, ni kìíní: ní àwọn yunifásítì ìjọba Texas, kírẹ́díìtì 42 ni. Ìkejì ni kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ tí major gbé lé, bíi máàtì àti físíìsì. Ìkẹta ni major fúnra rẹ̀. Ìkẹrin ni elective, fún Computer Science ó sì máa ń kéré gan-an. Ibi tó kéré jù yìí ni kírẹ́díìtì tí kò rí ilé máa ń kó sí, ìdí nìyẹn tí nǹkan fi ń ṣòfò.

Nínú core yẹn, òfin ìpínlẹ̀ ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kírẹ́díìtì 6 nínú ìtàn Amẹ́ríkà àti 6 nínú ìjọba, ti àpapọ̀ àti ti Texas. Kò sí kọ́ọ̀sì ilé kankan tó lè dí méjìlá yìí. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ìrètí ṣe wọ́n.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà kọ́ọ̀sì, torí yóò dín wàhálà kù. Texas ní ètò nọ́ńbà kan náà fún kọ́ọ̀sì ìpele ìsàlẹ̀, TCCNS ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ìpele, ìkejì ń sọ iye kírẹ́díìtì. MATH 2413, tí í ṣe Calculus I, jẹ́ ìpele kejì, kírẹ́díìtì 4. COSC 1436, ìpìlẹ̀ ìṣètò kọ̀ǹpútà, jẹ́ ìpele kìíní, kírẹ́díìtì 4. PHYS 2325 ni físíìsì láìsí láàbù, kírẹ́díìtì 3. PHYS 2125 ni láàbù rẹ̀ nìkan, kírẹ́díìtì 1. PHYS 2425 ni méjèèjì pọ̀. Yunifásítì mìíràn ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kọ ti TCCNS sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé ètò wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ya tábìlì, kí ẹ sì wọn kọ́ọ̀sì yín bí a ṣe ń wọn gàárì

Lápá òsì, ẹ to gbogbo ohun tí degree plan béèrè. Láàárín, ẹ kọ kọ́ọ̀sì yín tó lè dí i. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ ohun tó lè mú kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọ̀tún yìí ló níye lórí jù.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bàjẹ́ ni ìwọ̀n. Yúnítì kan nílé jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15. Kírẹ́díìtì kan ní Amẹ́ríkà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà kọ́ńgò méjèèjì jọra. Ọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé àwa ń gé ẹ̀kọ́ kan sí wẹ́wẹ́. Nínú CCMAS, ìwé òṣùwọ̀n NUC tí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, MTH 102 jẹ́ yúnítì 2. Calculus I wọn jẹ́ kírẹ́díìtì 4. Tí ẹ bá gbé MTH 102 nìkan síwájú wọn, wọn yóò ní wákàtí rẹ̀ kò ju ìdajì lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú MTH 102 ni limit, ìtẹ̀síwájú function, differentiation, integration, àti bí a ṣe ń fi wọ́n wá ààyè àti ìwọ̀n inú nǹkan. MTH 201 tún padà yẹ differentiation àti integration wò, ó sì kan Taylor series àti function oníyípadà méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà, kọ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀ lẹ máa fi béèrè fún Calculus I kan. Méjì fún ọ̀kan dun èèyàn, àmọ́ ó sàn ju kí ẹ fi méjèèjì ṣòfò nínú elective.

Ohun kejì ni orúkọ. MTH 102 ń jẹ́ Elementary Mathematics II. Létí ará Amẹ́ríkà, elementary ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń yẹ transcript wò, tí ogójì fáìlì mìíràn wà níwájú rẹ̀, lè fi kọ́ọ̀sì yẹn sí abẹ́ algebra láìṣí ìwé kankan wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni sáà tí àwọn kan ń pè ní Harmattan àti Rain lórí transcript OAU: ẹ fi àlàyé ìlà kan sí i pé sáà kìíní àti ìkejì ni.

Ohun kẹta ni láàbù. Físíìsì PHY 101 jẹ́ yúnítì 2, láàbù rẹ̀ PHY 107 sì dá dúró pẹ̀lú yúnítì 1. Tí ẹ bá fi PHY 101 nìkan ránṣẹ́, ẹ̀ka físíìsì yóò ní kò sí láàbù. Ẹ máa so wọ́n pọ̀. Ẹ sì yẹ ohun kan wò: Computer Science sábà máa ń béèrè físíìsì tó lo calculus. Tí olùkọ́ yín kò bá lo derivative rárá nínú PHY 101, ẹ má retí ju físíìsì gbogbogbòò lọ.

GST 111, kọ́ọ̀sì èdè Gẹ̀ẹ́sì wa, ń bí àwọn ará Amẹ́ríkà nínú díẹ̀. Àwọn fẹ́ kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ àròkọ gígùn léraléra, GST 111 sì sábà máa ń jẹ́ ìdánwò oníyàn-án nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ẹ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ fi ENGL 1301, kọ́ọ̀sì àròkọ tiwọn, sínú gbèsè. GST 112, tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà, máa ń rí ààyè dáadáa jù nínú apá core tó jẹ mọ́ àṣà tàbí àwùjọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Ìwé tó ń jagun yìí ni sílábọ́ọ̀sì. Transcript sọ pé ẹ ṣe kọ́ọ̀sì kan, ẹ sì gba B. Kò sọ ohun tí ẹ kọ́. Ẹ̀ka tó fẹ́ ṣèpinnu kò ní ohun mìíràn láti dì mú. Tí ẹ bá ṣì wà nílé, ẹ gba sílábọ́ọ̀sì gbogbo kọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò, ì báà ṣe èyí tó dà bíi pé kò wúlò. Láti Houston, ìwé kan ṣoṣo tí ẹ nílò láti ọwọ́ HOD lè gba oṣù mẹ́ta àti owó ọkọ̀ ọ̀rẹ́ kan.

Ìwé ojú kan tí olùkọ́ pín ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò tó. Sílábọ́ọ̀sì tó lè dúró gbọ́dọ̀ ní kóòdù àti orúkọ kọ́ọ̀sì bó ṣe wà lórí transcript gẹ́lẹ́, ọdún ẹ̀kọ́ àti sáà tí ẹ ṣe é, iye yúnítì, wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ti láàbù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àkòrí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé tí wọ́n lò pẹ̀lú òǹkọ̀wé àti ẹ̀dà rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe pín máàkì láàárín test àti ìdánwò. Lẹ́yìn náà, ìbuwọ́lù àti òǹtẹ̀ HOD lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ̀ka yín kò bá ní irú èyí, ẹ fúnra yín tẹ̀ ẹ́ láti inú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ gbé e lọ fún olùkọ́ kọ́ọ̀sì náà kó tún un ṣe, kí HOD wá lu òǹtẹ̀. Kò sí ohun àbùkù níbẹ̀. Àwọn gan-an ni yóò dúpẹ́ pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ gba handbook ẹ̀ka yín pẹ̀lú, ti ọdún tí ẹ wọlé. Ẹni tó wọlé ṣáájú CCMAS wà lábẹ́ BMAS, òṣùwọ̀n NUC tó ṣáájú rẹ̀, kóòdù àti yúnítì rẹ̀ sì lè yàtọ̀. Kí àbúrò tó wọlé lẹ́yìn má yá yín ní handbook tirẹ̀. CCMAS wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìrànwọ́ torí ó kọ wákàtí sílẹ̀, irú bíi LH 30, PH 45, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí 30 fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti 45 fún iṣẹ́ láàbù. Ṣùgbọ́n ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ ni NUC kọ. Ìdá 30 yòókù, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Kọ́ọ̀sì tó bá wà nínú ìdá 30 yẹn kò sí nínú ìwé NUC, sílábọ́ọ̀sì ẹ̀ka nìkan ló lè gbà á.

Ẹ kó àwọn nǹkan mìíràn pọ̀: ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, ìwé láàbù, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ti máàkì, àti fún kọ́ọ̀sì COS (Computer Science), kóòdù ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ kọ. Fún COS 201 àti 202, ẹ kọ èdè tí wọ́n fi kọ́ yín, bóyá Java, C tàbí Python. Ẹ̀ka tó ń fi C++ kọ́ni lè béèrè bóyá ẹ lè tẹ̀ lé wọn.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ẹ̀yìn transcript, níbi tí wọ́n tẹ ìtumọ̀ máàkì sí. Nílé, 50 sí 59 ni C, 70 sókè ni A. Ní Amẹ́ríkà, 70 sábà máa ń jẹ́ C, 52 sì jẹ́ F pátápátá. Tí ojú ìwé yẹn bá ṣubú nígbà tí wọ́n ń ṣe scan, akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa di olódo. Ẹ wò ó pé ó wà níbẹ̀.

Tí ẹ bá sì wà nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní 2020 tàbí 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU ti da déètì rú: ọdún ẹ̀kọ́ 2020/2021 lè parí ní 2022. Ìyanṣẹ́lódì 2022 nìkan gba oṣù mẹ́jọ, láti February dé October. Ìpínrọ̀ kan láti ọ́fíìsì rẹ́jísírà tó ṣàlàyé rẹ̀ yóò dá ìbéèrè dúró kó tó wáyé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹni tó máa túmọ̀ transcript

Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í ka transcript ilẹ̀ òkèèrè fúnra wọn. Wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan tó wà nínú NACES, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, yẹ̀ ẹ́ wò, bíi WES tàbí ECE. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè èyí tí yunifásítì yín ń gbà. Àwọn kan ń gba ẹnikẹ́ni nínú NACES, àwọn mìíràn dárúkọ méjì péré, àwọn kan sì ń ṣe é fúnra wọn.

Irú tí ẹ nílò ni course-by-course. Èyí tó rọ̀jú jù, document-by-document, kàn ń sọ irú ìwé ẹ̀rí tí ẹ ní àti ohun tó bá a dọ́gba ní Amẹ́ríkà ni. Kò ní kọ́ọ̀sì kankan nínú, kò sì wúlò fún kírẹ́díìtì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ra èyí nítorí owó, wọ́n sì sanwó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí àkántì, kí ẹ gba nọ́ńbà ìtọ́kasí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún yunifásítì ilé pé kí wọ́n fi transcript ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn lára rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́. Èyí tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, tí ẹ ti ya àpòòwé rẹ̀, ti bàjẹ́. Transcript tí kò ní nọ́ńbà lè wà nínú yàrá wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ẹni tó mọ ẹni tó ni ín. Ibi tó máa ń pẹ́ jù ni ọ́fíìsì transcript nílé, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú sáà.

Ẹ rántí pé ìmọ̀ràn ni ìwé WES jẹ́. Tí wọ́n bá kọ kírẹ́díìtì 60, yunifásítì lè gba 48. Ẹni tó ní HND tàbí NCE gbọ́dọ̀ béèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí àwọn yunifásítì ò fojú kan náà wò wọ́n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí a ṣe ń ka ìdáhùn wọn

Nígbà tí ìdáhùn bá dé, ẹ má wo àpapọ̀. Ẹ wo kóòdù iwájú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà gidi, bíi MATH 2413, ó ti rí ilé. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà tó ní X tàbí T nínú, bíi MATH 1XXX, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ pé máàtì ni, àmọ́ wọn ò mọ èyí tó jẹ́. Irú èyí ni ẹ máa jà fún. Tí ó bá kàn jẹ́ elective láìní ẹ̀ka, ìjà náà le díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí degree audit yín, àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tó ń fi kọ́ọ̀sì yín wé ohun tí oyè ń béèrè, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi DegreeWorks ṣe. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n kó àwọn kọ́ọ̀sì tí kò bá nǹkan kan mu sí. Ohun tó wà níbẹ̀ ni iye owó tí ẹ lè gbà padà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ̀bẹ̀ sí ẹ̀ka

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé akẹ́kọ̀ọ́ Computer Science kó gbogbo ìwé lọ fún ẹ̀ka Computer Science. Ẹ̀ka tó ni kọ́ọ̀sì ló ń dájọ́. Calculus, ẹ̀ka máàtì ni. Físíìsì, ẹ̀ka físíìsì ni. Adviser yín kò lè fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tó dára jù tó lè ṣe ni kó sọ orúkọ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀bẹ̀ ní ẹ̀ka kejì. Ẹ béèrè orúkọ yẹn.

Ẹ to ẹ̀bẹ̀ yín gẹ́gẹ́ bí iye kọ́ọ̀sì tó ń dúró lẹ́yìn wọn. Calculus I ló ń ṣílẹ̀kùn Calculus II, físíìsì, àti àwọn kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kan lókè. Tí ẹ bá tún un ṣe, gbogbo wọn á sún síwájú ní sáà kan, nígbà mìíràn odindi ọdún. Kọ́ọ̀sì elective tó dá wà lè dúró dìgbà mìíràn. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú ìgbà ìforúkọsílẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò ní jẹ́ kí ẹ forúkọ sí Calculus II tí Calculus I kò bá sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan, kọ́ọ̀sì kan. Ojú ìwé kìíní ni gbogbo rẹ̀: lápá kan, àpèjúwe kọ́ọ̀sì wọn bó ṣe wà nínú catalog, lápá kejì, ọ̀sẹ̀ tí ẹ kọ́ àkòrí kọ̀ọ̀kan nílé, àti ojú ewé nínú sílábọ́ọ̀sì tó fi hàn. Tí àkòrí kan kò bá sí, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá fúnra rẹ̀ rí àlàfo tí ẹ fi pamọ́ kò ní gba èyí tó kù gbọ́. Ẹ fi sílábọ́ọ̀sì, ìbéèrè ìdánwò àti kóòdù sẹ́yìn rẹ̀ nínú PDF kan ṣoṣo. Kí lẹ́tà tó bá a lọ má ju ìlà mẹ́fà lọ: orúkọ, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́, kọ́ọ̀sì yín, kọ́ọ̀sì wọn, ohun tí ẹ ń béèrè, àti déètì tí ìforúkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìkíni gígùn tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílé kò ní ṣe yín láǹfààní kankan níbí.

Ìdáhùn lè jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta, wọn ò sì dọ́gba. Equivalency ni pé kọ́ọ̀sì yín di MATH 2413 lórí àkọsílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé yín lọ sí major èyíkéyìí nínú yunifásítì náà. Substitution ni pé wọ́n fi tiyín rọ́pò tiwọn fún oyè kan yìí nìkan; tí ẹ bá yí major padà, ó lè parẹ́. Waiver ni pé wọ́n dá yín sílẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n wọn ò fún yín ní kírẹ́díìtì, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ wá kírẹ́díìtì mẹ́rin mìíràn tó máa mú 120 pé. Ẹ béèrè fún equivalency lákọ̀ọ́kọ́.

Ohun tí adviser fẹnu sọ kò sí. Ẹ gbà á sínú ímeèlì, kí ẹ sì padà wo audit lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ rí i pé ó ti bọ́ sójú rẹ̀. Àwọn adviser ń kúrò níṣẹ́, ẹni tó rọ́pò wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè ìdí kan ṣoṣo: ṣé àkòrí ni, wákàtí, ìpele, láàbù, tàbí ọjọ́ orí kọ́ọ̀sì náà? Ìdáhùn yẹn ló ń sọ àtúnṣe. Láàbù nìkan ló kù? PHYS 2125 kírẹ́díìtì kan yóò parí rẹ̀. Àkòrí ni? Ẹ béèrè bóyá ẹ̀ka ní ìdánwò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi gba kírẹ́díìtì láìjókòó sí kíláàsì. Ọjọ́ orí ni? Kọ́ọ̀sì ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti sáyẹ́ǹsì fún nọ́ọ̀sì máa ń gbó ní ojú wọn, ìtàn àti lítíréṣọ̀ kì í sábà gbó.

Ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè yí padà

Máàkì tí kò tó C kì í sábà kọjá, nítorí náà D 45 àti E 40 nílé ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ yege. SACSCOC, tó ń fọwọ́ sí yunifásítì Texas, ní kí ó kéré tán ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kírẹ́díìtì oyè wá láti ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fúnni ní oyè náà: 30 nínú 120. Àwọn yunifásítì ìjọba Texas kò sí lábẹ́ dandan láti gba ju kírẹ́díìtì 66 lọ nínú ìpele ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka tún máa ń béèrè iye kan ní ìpele òkè, 3000 àti 4000, tí community college, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì, kì í sábà fúnni. Kọ́ọ̀sì 300 level yín láti ilé lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ ní kedere nínú ẹ̀bẹ̀. Tí ẹ ò bá sọ, ìpele kejì ni wọ́n lè fi í sí.

Bí ẹ ṣe lè san gbèsè tó kù ní owó pọ́ọ́kú

Fún ìtàn àti ìjọba, CLEP ti College Board, ìdánwò tí a fi ń gba kírẹ́díìtì láìjókòó sí kíláàsì, dára gan-an. Ìdánwò náà jẹ́ ìṣẹ́jú 90, máàkì 50 ni ìmọ̀ràn ACE, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, fún ẹni tó yege, àmọ́ yunifásítì lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdánwò méjì wà fún ìtàn Amẹ́ríkà. American Government sábà máa ń dí GOVT 2305, ti ìjọba àpapọ̀. GOVT 2306, ti Texas, ẹ ó ṣì lọ jókòó fún un. Ẹni tó bá kùnà ní láti dúró oṣù mẹ́ta kó tó tún un ṣe. Modern States ń fúnni ní ẹ̀kọ́ ìgbáradì lọ́fẹ̀ẹ́ àti ìwé tó ń san owó ìdánwò. CLEP tún ní Calculus, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka máàtì kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀.

Community college ni ọ̀nà kejì, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá kọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà TCCNS rẹ̀ bá ti degree plan yín mu gẹ́lẹ́, kí ẹ gba ìfọwọ́sí yunifásítì yín nínú ìwé kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi transcript ránṣẹ́ ní kété tí máàkì bá jáde. Ẹ má pín kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìbejì, irú bíi kẹ́mísìrì kìíní àti ìkejì, sí ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ibi tí ọ̀kan parí sí lè má jẹ́ ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà lórí F-1 gbọ́dọ̀ bá ọ́fíìsì àwọn àjèjì sọ̀rọ̀ ṣáájú: kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tàbí kírẹ́díìtì 3, ló lè kà mọ́ kírẹ́díìtì 12 tó gbọ́dọ̀ ní ní sáà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má sì ṣe kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti fún yín ní kírẹ́díìtì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní Calculus I láti ilé, tó tún forúkọ sí i torí ó fẹ́ A tó rọrùn, yóò pàdánù ọ̀kan nínú méjèèjì.

Fún àwọn tó ní green card tàbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú, tí wọ́n ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀: ìrànwọ́ náà máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí kírẹ́díìtì tí ẹ ti gbìdánwò bá kọjá ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí oyè ń béèrè, ìyẹn 180 fún oyè 120, kírẹ́díìtì tí wọ́n gbà láti òde sì wà nínú ìṣirò yẹn. Texas fúnra rẹ̀ gba yunifásítì láàyè láti gbówó lé ọmọ ìpínlẹ̀ tó bá ti fi kírẹ́díìtì 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá iye tí oyè rẹ̀ ń béèrè. Elective tí kò wúlò kì í ṣe ẹ̀bùn nígbà náà. Àwọn yunifásítì kan gbà kí ẹ béèrè pé kí wọ́n yọ irú rẹ̀ kúrò. Ẹ béèrè ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ṣáájú ọdún kẹta.

Ní ìpínlẹ̀ mìíràn

Ní California, ASSIST ni ìkànnì tó kó àdéhùn láàárín community college àti àwọn yunifásítì ìjọba jọ, ó sì ń fi major kọ̀ọ̀kan hàn. Ní Florida, kọ́ọ̀sì tí lẹ́tà iwájú àti nọ́ńbà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn rẹ̀ bá dọ́gba gbọ́dọ̀ kà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Méjèèjì kò kan kọ́ọ̀sì ilé. Sílábọ́ọ̀sì la ó ṣì fi jà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo quarter, sáà tó kúrú ju semester lọ, ń fúnni ní oyè pẹ̀lú 180, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi 2/3 sọ kírẹ́díìtì wọn di ti semester: 5 di 3.33, ó sì tó fún kọ́ọ̀sì 3. 4 di 2.67, ẹ̀ka tó le yóò ní kò pé. Ìkànnì Transferology ń jẹ́ kí ẹ wo bí kọ́ọ̀sì yín ṣe lè kà kí ẹ tó lọ.

Ní sáà méjì kí ẹ tó jáde, ẹ jókòó ti audit lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìgboyè, kì í ṣe adviser nìkan. Ẹ mú ímeèlì gbogbo substitution yín dání, ẹ fi ìka tọ́ wọn lójú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó sá kúrò níbi tí wọ́n fi í sí lè dá oyè dúró di December; tí ẹ bá tètè rí i, sáà ṣì wà níwájú láti tún un ṣe.